Lẹ́tà Lẹ́yẹ-ò-sọkà

Ẹ̀gbọ́n mi kì í buwọ́ lùwé bí tiwa. Nígbà tí bàbá wa fi èmi síléèwé níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ilé kéwú ló rán òun lọ ní Ìwó, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa, nítorí náà láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí ọwọ́ òsì ló ti ń kọ orúkọ rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa ń kọ ọ́, bí ẹni ń fá etí pákó. Bó bá kọ ọ́ tán, yóò fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, ìbáà jẹ́ báírò ló fi kọ ọ́. Mo ní lẹ́tà kan lọ́wọ́ tí irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lókè ìbuwọ́lù náà, èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tí lẹ́tà yẹn fojú wa rí ni mo fẹ́ sọ, n ò sì ní kánjú sọ ọ́, torí ìkánjú ló dá a sílẹ̀.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ayùn kan àti òòlù kan tí èèkù rẹ̀ ti sán. Ó tó ogún ọdún kó tó fi páànù bo orí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìrẹmọ, ó sì tún tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kó tó ra ẹ̀rọ tó ń fá pákó. Àlòkù ni ẹ̀rọ náà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bu omi tútù, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀, bí ìgbà tí ìyàwó tuntun bá wọlé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà làwọn káfíńtà adúgbò ti ń gbé pákó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kó bá wọn fá a. Ẹ̀rọ yẹn ló rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé. Òun náà ló bọ́ ìyá wa títí wọ́n fi lọ. Bí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, n ò purọ́.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, èmi náà sì ni akọ̀wé agboolé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ̀wé sí onílé, sí báńkì, sí àna tó ń ṣe fáàrí, èmi ni wọ́n ń pè. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí àwọn àgbàlagbà dákẹ́ nígbà tí mo bá ń kọ̀wé, kí wọ́n sì ní kí n kà á sókè, kí wọ́n máa mi orí sí gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Obìnrin kan tó dá iléèwé sílẹ̀ gbé iṣẹ́ àga àti tábìlì wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Pákó tirẹ̀ ló rà, pákó tó dára, ó sì ní pákó òun kò ní sùn nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ìwé ìnṣọ́ránsì wà fún iná. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gba ti oṣù mẹ́fà, ó pẹ́ tó. Ìnṣọ́ránsì yìí yóò bo pákó náà, yóò sì bo ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ṣe aṣojú ní àdúgbò wa, ìyá àgbàlagbà kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́ èmi gan-an ní prámárì. Yàrá iwájú ilé wọn ní Ìrẹmọ ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì: tábìlì kan, fáìlì mélòó kan, kàlẹ́ńdà, àti òǹtẹ̀ onírọ́bà tó ń gbé inú agolo mílíìkì. Ọjọ́ tí a lọ gba ìwé náà, ẹ̀gbọ́n mi wo bébà náà lọ, ó wò ó bọ̀.

Ó ní, "Ìyá, ṣé iná ni mo wá rà báyìí?"

Ìyá tíṣà ní, "Káfíńtà, kì í ṣe iná lo rà. Ẹni tí yóò bá ọ sunkún bí iná bá dé lo rà. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká pè é."

"Àmín. Ṣé ẹni yẹn á sunkún dénú, àbí ẹkún orí ahọ́n lásán?"

"Bí o bá ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, á sunkún dénú."

Ìyá tíṣà ṣí ojú ìwé kan fún mi, wọ́n ní ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ kọ bí èèyàn ṣe lè fagi lé e sí kí oṣù mẹ́fà tó pé. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, màá kà á délé. N ò kà á. Ẹni tó bá ń kọ̀wé fún agboolé máa ń rò pé òun ti mọ ohun tó wà nínú gbogbo ìwé.

Oṣù méjì péré ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n wá kó àga, wọ́n kó tábìlì, obìnrin oníléèwé náà sanwó, ó dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Abẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú, ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kò sì fẹ́ yáwó. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n jọ ń kírun sì ti sọ fún un pé ẹni tó bá ń sanwó de àjálù, àjálù náà yóò máa bèèrè ilé rẹ̀.

Ó ní, "Akọ̀wé, oṣù mẹ́fà la san. Oṣù méjì la lò. Bí mo bá ra iṣu mẹ́fà, tí mo jẹ méjì, mélòó ló kù?"

Mo ní, "Mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Lọ bá wọn gba iṣu mẹ́rin mi padà wá."

Mo jókòó sórí ìjókòó tó ń ṣe lọ́wọ́, mo kọ lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Ó yẹ kó jẹ́ ìlà méjì péré, pé a ò fẹ́ ìwé náà mọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá owó tó kù padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń yún mi. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ lórí rédíò, bí gómìnà bá yọ ẹnì kan nípò, àwọn akàròyìn á ní wọ́n yọ ọ́ "lẹ́yẹ-ò-sọkà". Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń sọ ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀, kí lẹ́tà náà lè rinlẹ̀. Pé kí ìnṣọ́ránsì náà dópin lẹ́yẹ-ò-sọkà. Mo ka lẹ́tà náà sókè. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó buwọ́ lù ú láti ọ̀tún wá sí òsì, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá tíṣà. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n kà á, wọ́n sì kọ́kọ́ yìn mí. "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ kò tíì bàjẹ́." Inú mi dùn bí ti ọmọ prámárì. Wọ́n mú òǹtẹ̀ nínú agolo mílíìkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà náà àti ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sí i, wọ́n sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ní Òṣogbo. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bi mí léèrè.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ mọ iye tí yóò padà wá?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ iṣu mẹ́fà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe iṣu. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn háyà àga àti tapólì fún ìnáwó. Bí àlejò bá tètè lọ, ṣé ẹni tó ni àga máa dá ìdajì owó padà ni? Ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ díẹ̀, wọ́n á dá nǹkan padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fagi lé e, wọn kì í pín in dọ́gba. Oṣù àkọ́kọ́ máa ń jẹ ju ìpín tirẹ̀ lọ, torí pé iná lè jó lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì san gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìṣirò kan tí wọ́n ń wò, tábìlì ni wọ́n ń pè é. Oṣù méjì tí ẹ lò, lójú tábìlì yẹn, ó ti kọjá ìdajì. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló kọ̀wé pé àwọn ò ṣe mọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó pín in dọ́gba, wọ́n á sì fún yín ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó wà lójú ìwé tí mo ní kí o kà nìyẹn."

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúrò.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó fi owó abẹ àti owó tó máa padà wá wé ara wọn, ó pòṣé.

"Ìyẹn ò tó abẹ rà. Kí wá ni mo ń fi oṣù mẹ́rin tọrẹ fún wọn sí? Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí iná ò bá jó, mo ti fi ṣe sàárà."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà."

Ó wò mí bíi pé mo ní ìyá tíṣà kì í ṣe èèyàn. "Òǹtẹ̀! Ta ló ni òǹtẹ̀? Ṣé àgbàlagbà kọ́ ni? A óò lọ bẹ̀ wọ́n."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró díẹ̀ pẹ̀lú mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀, bí ìyàwó bá kó ẹrù jáde, bí ẹni méjì bá ti búra pé àwọn ò ní bá ara wọn ṣe mọ́, ẹ̀bẹ̀ ní í tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ á dọ̀bálẹ̀, ẹni tí wọ́n bẹ̀ á ní òun ti gbọ́, ó tán. Ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń ṣiṣẹ́ láàárín fáìlì láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n ò rí i rò pé ẹ̀bẹ̀ kò lè tú òǹtẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ agbádá funfun rẹ̀ tó fi kírun. Bí a ti wọ yàrá iwájú yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà tẹ̀lé e. Àyà àwa méjèèjì wà lórí sìmẹ́ǹtì, fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Ìyá tíṣà pariwo. "Ẹ dìde! Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà àná ni. Ẹ bá wa fi í ṣe bí ẹni pé a ò mú un wá. A jẹ̀bi."

"Ẹ dìde ná, ẹ ti ba aṣọ Jímọ̀ jẹ́."

"A ò ní dìde àfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́. Ó ti tán. Lọ́jọ́ Ajé n ó bá àwọn ará Òṣogbo sọ̀rọ̀, wọn kì í dúró pẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Wọ́n bu ẹ̀pà fún wa pẹ̀lú omi tútù. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá yóò bá wọn tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Ó ní lọ́ọ̀fẹ́ ni. A jáde. Nínú gbogbo ohun tí ìyá sọ, "ó ti tán" ni àwa méjèèjì gbé lọ sílé. "Lọ́jọ́ Ajé" ṣubú sí ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, ní ọ̀sán, ẹbí wa kan ń sọmọ lórúkọ, gbogbo wa wà níbẹ̀. Iná mànàmáná tí kò sí láti ọjọ́ mẹ́rin dé lójijì, ó sì wá pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Gílóòbù méjì fọ́ lórí wa níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn obìnrin pariwo, a tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ṣì ń rẹ́rìn-ín ni iná mànàmáná náà ti ń ṣe tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Waya tó lọ sí ìdí ẹ̀rọ ló ta iná, lẹ́búlẹ́bú pákó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó wá pè wá, kí a tó sáré débẹ̀, páànù òrùlé ti ká bí ewé gbígbẹ. Àwọn èèyàn ń da omi, wọ́n ń da iyanrìn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọlé lọ fa ẹ̀rọ náà jáde, ẹ̀rọ tí ọkùnrin mẹ́fà ò lè gbé. Èmi ni mo dì í mú. Ó lù mí lẹ́nu. N ò fi í sílẹ̀.

Nígbà tí iná kú tán, ó jókòó sórí òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú bàtà, èkejì wà nílẹ̀. Ó wò mí.

Ó ní, "Dúpẹ́ pé a lọ bẹ ìyá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́ títí di òní. Kì í ṣe ariwo iná.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá tíṣà pe Òṣogbo níṣojú mi, wọ́n sì gbé fóònù fún mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló sọ̀rọ̀, ó fara balẹ̀, kò yájú sí mi. Ó ní òun bá wa kẹ́dùn gidigidi. Ó ní láti ìṣẹ́jú tí òǹtẹ̀ ti kan lẹ́tà wa ní Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà ti kú, ìwé tó bá sì ti kú kì í jí. Ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kò sí nínú fáìlì. Bí a bá fẹ́ padà, fọ́ọ̀mù tuntun àti owó tuntun ni, ìyẹn kò sì ní bo iná tó ti jó. Mo bi í bóyá kò sí ọ̀nà kankan. Mo ń gbọ́ tí ó ń ṣí ìwé.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ẹ lò nínú lẹ́tà ni, sà. Ẹ ní kó dópin lójú ẹsẹ̀. Ìwé wa gbà yín láyè láti mú ọjọ́ tó bá wù yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ìparí oṣù. Ká ní ìparí oṣù lẹ kọ ni, ọjọ́ Àìkú ì bá bọ́ sínú rẹ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, etí mi nìkan ló sì wọ̀. Ìyá tíṣà wà ní ìkángun tábìlì, wọ́n di orí mú. Mo dá fóònù padà fún wọn. Mo ní wọ́n ní kò ṣeé ṣe. N ò sọ èyí tó kù.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a dúró nínú eérú pẹ̀lú àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́mù, wọ́n ń díye lé egungun ẹ̀rọ náà. Fóònù mi dún. Owó ti wọlé: ìyókù owó ìnṣọ́ránsì, bí tábìlì wọn ṣe pín in. Wọ́n san án pé pérépéré, láìfi àkókò ṣòfò. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Eérú wa ni mo dúró sí. Owó náà kò ra abẹ, bí ẹ̀gbọ́n mi ti wí. Ó tó háyà ọkọ̀ tó kó irin náà lọ.

Ìyá tíṣà wá sílé wa lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, àgbàlagbà tó lè bí i, wọ́n ní àwọn ló jẹ̀bi, àwọn ì bá ti pe Òṣogbo lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn náà, wọ́n ní ẹ̀pà ni àwọn ń bù nígbà tó yẹ kí àwọn máa pè. Wọ́n ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ìyá, mo ti gbọ́. Ó ti tán."

Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ẹni tó yẹ kó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo jẹ́ kí ìyá àgbà yẹn ru ẹrù mi lọ sílé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì kú. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn ṣì ń mì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Ẹdúnàbọ̀n báyìí, lábẹ́ àtíbàbà ẹlòmíràn lẹ́bàá títì. Àpótí ìjókòó àti àpótí tòmátò ló ń kàn, pẹ̀lú ayùn ọwọ́, bó ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá. Ó ti rù. Ó mú ẹ̀dà lẹ́tà náà jáde láti inú ọ̀rá tó fi ń pa Kùránì kékeré rẹ̀ mọ́. Etí lẹ́tà náà ti gbó, ó ti ya.

Ó ní, "Akọ̀wé, kà á fún mi ní Yorùbá. Mo buwọ́ lù ú, n ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa títí di òní."

Mo gbé awò sójú. Mo kí iléeṣẹ́ náà ní Yorùbá fún un. Mo ní, "Èmi tí mo buwọ́ lu ìwé yìí ń fẹ́ kí ìnṣọ́ránsì mi dópin." Ojú mi wà lórí ọ̀rọ̀ tó kàn, ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe fáàrí. Ọkọ̀ ajágbé kan kọjá lórí títì, mo dúró kí ariwo rẹ̀ lọ, bíi pé torí ìyẹn ni mo ṣe dúró. Mo fò ó, mo wá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá owó tó kù padà. Èmi ni tiyín ní tòótọ́."

Ó mi orí, bó ti mi ín lọ́jọ́ yẹn.

"Ó dára. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Kò sí ibi tí o ti ṣì í kọ." Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́. "Máa mú un lọ. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló yẹ kó wà."

Mo fi í sápò. Ó gbé àpótí tó ń kàn sáàárín orúnkún, ó sì mú òòlù.